Bí a ṣe ń so láǹpù ọ̀nà igbó olówó pọ́ọ́kú mọ́ ọkọ̀, àti bí a ṣe ń wá ibi tó ti ń yọnu

Láǹpù ọ̀nà igbó olówó pọ́ọ́kú kì í sábà jẹ́ láǹpù burúkú. Ohun tó máa ń burú níbẹ̀ ni wáyà tí wọ́n ká mọ́ ọn nínú páálí, àti ọ̀nà tí a gbà so ó. Tó bá ń ṣẹ́jú, tó ń tàn bàìbàì, tàbí tó kọ̀ tí kò tàn rárá, ẹ má tíì sáré lọ ra òmíràn. Ẹ yẹ wáyà wò, kí ẹ sì yẹ ibi tí wáyà dúdú ti kan irin ọkọ̀ wò. Ibi méjì yìí ni mo máa gbé ọ̀rọ̀ lé jù nínú àlàyé yìí.

Ẹ mọ iye iná tó ń jẹ

Wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó tẹ 300W sára láǹpù tí ọwọ́ kan lè gbé kò fi nǹkan kan wọ̀n ọ́n. Mẹ́tà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré àfọwọ́mú tí a fi ń wọn iná, ni kí ẹ bi léèrè. Ẹ yí mẹ́tà sí 10A (A ni ámpíà, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣàn), ẹ yọ wáyà pupa rẹ̀ kúrò nínú ihò tí a fi ń wọn fólítì (V), ẹ fi í sínú ihò 10A. Ẹ wá fi mẹ́tà náà sáàárín bátìrì àti láǹpù, kí iná lè gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé láǹpù. Tí mẹ́tà bá ka 5A, tí bátìrì sì wà ní 12.6V, ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀: 63W ni láǹpù yín, ohun yòówù kí páálí sọ. Láǹpù kan ni kí ẹ máa wọ̀n lẹ́ẹ̀kan, torí pé ọ̀pọ̀ mẹ́tà kì í gbà ju 10A lọ.

Bí ẹ bá ti wọ̀n ọ́n tán, ẹ dá wáyà pupa yẹn padà sí ihò fólítì lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé, tó wá fi mẹ́tà náà kan orí bátìrì méjèèjì, ti so pọ́sítíìfù pọ̀ mọ́ nẹ́gétíìfù nìyẹn. Tí mẹ́tà bá ní fíùsì nínú, fíùsì rẹ̀ ló máa lọ. Tí kò bá ní, mẹ́tà fúnra rẹ̀ ni.

Iye tí ẹ rí ló máa sọ irú fíùsì tí ẹ máa fi sí i. Láǹpù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 5A jẹ́ 10A lápapọ̀, fíùsì 15A sì bá a mu. Fíùsì pẹlẹbẹ tí ọkọ̀ ń lò ní àwọ̀ tó fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀: 10A pupa, 15A búlúù, 20A yẹ́lò, 30A àwọ̀ ewé. Ẹ rántí pé wáyà ni fíùsì ń dáàbò bò, kì í ṣe láǹpù. Tí wáyà yín kò bá lè gbé 30A, ẹ kò gbọdọ̀ rí fíùsì àwọ̀ ewé lórí rẹ̀.

Wáyà inú páálí

Ẹ gé orí rẹ̀, kí ẹ fi abẹ ha fọ́nrán kan. Tí òde rẹ̀ bá pọ́n bíi bàbà, tí inú rẹ̀ wá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára ni. Kò lè gbé iná tó bàbà tó nípọn bákan náà, ó sì máa ń ṣẹ́ níbi tí ọkọ̀ ti ń gbọ̀n. Rọ́bà òde rẹ̀ pàápàá máa ń tan ènìyàn: wáyà á nípọn lójú, àmọ́ rọ́bà ló gba gbogbo àyè, fọ́nrán inú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ wo bí ìyẹn ṣe ń jẹ yín níyà. Ká ní mítà 3 ni láǹpù fi jìnnà sí bátìrì, àlọ àti àbọ̀ wáyà jẹ́ mítà 6. Tí 10A bá ń gba inú wáyà bàbà 1 mm² (ìyẹn ìwọ̀n ojú bàbà inú rẹ̀ níbi tí a bá gé e) kọjá, nǹkan bíi 1V máa sọnù sójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ 2.5 mm² ni, kò ju nǹkan bíi 0.4V lọ. Ti alumíníọ̀mù burú ju èyí lọ. Lójú tèmi, ẹ lè lo súwíìṣì àti rìléè tó bá páálí wá tí wọ́n bá dára, ṣùgbọ́n wáyà tó ń gbé iná lọ sí láǹpù, ẹ ra bàbà 2.5 mm² tiyín.

Ìsopọ̀ gan-an

Ẹ tú wáyà nẹ́gétíìfù kúrò lórí bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Òun náà lẹ máa so padà kẹ́yìn.

Ẹ de láǹpù mọ́ irin tó le, kì í ṣe ara ike bọ́ńpà, kí ẹ sì fi wọ́ṣà tí kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀tì tú sí i. Ẹ darí ojú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin kò gbà kí irú láǹpù yìí tàn ní títì gbogboogbò, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní kí ẹ fi nǹkan bo ojú rẹ̀, torí náà ẹ wádìí ti ibi tí ẹ wà.

Ó wá kan rìléè. Súwíìṣì kékeré tó wà níwájú awakọ̀ kò yẹ kó gbé gbogbo iná yẹn fúnra rẹ̀. Rìléè ló ń gbé e, súwíìṣì kàn ń pàṣẹ fún un ni. Ẹ dojú rìléè dé, ẹ máa rí nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan náà lẹ sì máa bá lára ọ̀pọ̀ rìléè ọkọ̀:

- 30: wáyà tó ń bọ̀ láti pọ́sítíìfù bátìrì, tó ti gba inú fíùsì kọjá.
- 87: wáyà tó ń lọ bá wáyà pupa láǹpù.
- 86: wáyà tó ń bọ̀ láti súwíìṣì.
- 85: ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ara irin ọkọ̀.

Tí rìléè bá ní ẹsẹ̀ karùn-ún tí wọ́n kọ 87a sí, ẹ má so nǹkan kan mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ yẹn máa ń níná nígbà tí súwíìṣì wà ní pípa, ẹni tó bá ṣèèṣì so láǹpù mọ́ ọn yóò rí i tí láǹpù ń tàn nígbà tó yẹ kó kú, tó sì ń kú nígbà tó yẹ kó tàn. Tí àwòrán tó wà lára rìléè bá fi díódù hàn, ìyẹn ẹ̀yà tí kì í jẹ́ kí iná gbà ju ọ̀nà kan lọ, ẹ má pààrọ̀ 85 àti 86 fún ara wọn.

Fíùsì gbọ́dọ̀ sún mọ́ bátìrì, kó má ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíùsì kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Tí ibẹ̀ bá họ, tó sì kan irin, ó lè dáná sun ọkọ̀. Bí ẹ bá ń gbé wáyà kọjá lára irin tó ya inú ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ fi rọ́bà sí ẹnu ihò náà kí etí irin má baà gé e. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí sàlẹ́ńsà àti sí ohunkóhun tó ń yí, kí ẹ sì dè é mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ní ti súwíìṣì, ẹ mú iná rẹ̀ láti ara fíùsì tó máa ń kú nígbà tí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́, kí láǹpù má baà mu bátìrì gbẹ lóru. Ẹ má já wáyà iná iwájú ọkọ̀ láti mú un níbẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà ló ń darí iná yẹn, ó sì máa ń tàn án, kó pa á, kíákíá tí ojú kò fi ní rí i. Rìléè yín ló máa rí i, á sì máa gbọ̀n. Súwíìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní iná kékeré nínú tún ní ìjàǹbá tirẹ̀. Ẹsẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, tó sábà máa ń pọ́n bíi wúrà, ni ẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá fi ẹ́ẹ̀tì sí ẹsẹ̀ tó yẹ kó lọ sí 86, bí ẹ bá ṣe ń tẹ súwíìṣì ni fíùsì rẹ̀ yóò máa jó.

Ẹ́ẹ̀tì

Ẹ wá bọ́ọ̀tì tó wọlé sára irin ọkọ̀ gan-an. Ẹ fi sáńpépà ha ọ̀dà ibẹ̀ títí irin yóò fi máa dán, kó fẹ̀ ju orí òrùka wáyà lọ díẹ̀. Ẹ fi wọ́ṣà eléyín sí i, ẹ fún un pinpin, kí ẹ tó wá fi gíríìsì bò ó kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́. Òrùka tí ẹ dè lé orí ọ̀dà lè ṣiṣẹ́ lónìí, eyín bọ́ọ̀tì ló ń gbé iná náà lójú méjèèjì, nígbà tí òjò bá sì ti rọ̀ sí i, ó parí. Tí ọkọ̀ yín bá ní ẹ̀rọ kékeré tó ń ka bátìrì lórí tẹ́míná nẹ́gétíìfù, ara irin ọkọ̀ ni kí ẹ so ẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹ má so ó mọ́ orí bátìrì, kí iye tí ẹ̀rọ náà ń kà má baà dàrú.

Gbogbo ojú ìsopọ̀, ẹ fi píláyà tí wọ́n ṣe fún un tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi ọ̀pá rọ́bà tó ní gọ́ọ̀mù nínú, tó ń sún kì nígbà tí iná bá rà á, bò ó. Lílọ́ wáyà pọ̀ ká fi téèpù dì í kì í pẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ooru á yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù náà. Fífi òjé jó o nìkan kò tó, nítorí wáyà máa ń le síbi tí òjé bá mọ, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló sì máa ń ṣẹ́ sí nígbà tí ọkọ̀ bá ń jó lórí òkúta.

Tí kò bá tàn

Ẹ gbé ìka lé orí rìléè, kí ẹnì kan bá yín tẹ súwíìṣì. Tó bá dún “kọ́” lábẹ́ ìka yín, ọ̀nà súwíìṣì dára, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ wá a sí. Ẹ yọ rìléè, ẹ fi wáyà kúkúrú so ojúhò 30 pọ̀ mọ́ 87. Bí láǹpù bá tàn, inú rìléè ló ti jó. Bí kò bá tàn, ẹ gbé iná tó gba inú fíùsì láti orí bátìrì lọ bá láǹpù ní tààrà. Tó bá tàn, fíùsì, wáyà tàbí ẹ́ẹ̀tì ni. Tí rìléè kò bá dún rárá, ẹ wọn 86 nígbà tí súwíìṣì wà ní títàn. Tí 12V bá wà níbẹ̀, 85 ni kò rí irin, tàbí kí rìléè fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́. Tí kò bá sí, ẹ padà sídìí súwíìṣì àti fíùsì rẹ̀.

Mẹ́tà lè tan yín jẹ níbí o. Wáyà tí fọ́nrán kan ṣoṣo kù nínú rẹ̀ yóò ṣì fi 12.6V hàn, torí mẹ́tà kì í fa iná kankan. Gílóòbù iná iwájú àtijọ́ ló mọ òtítọ́. Ẹ so gílóòbù 55W kan mọ́ ibi tí láǹpù wà: ó máa fa bíi 4.5A. Tó bá ràn bó ṣe yẹ, wáyà yín lè gbẹ́rù. Tó bá pọ́n bàìbàì bí ẹyin iná, ẹ ti rí àìsàn náà.

Tó bá ń tàn bàìbàì tàbí tó ń ṣẹ́jú

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì àti láǹpù. Ẹ fi wáyà mẹ́tà kan sórí pọ́sítíìfù bátìrì, ìkejì sórí wáyà pupa láǹpù níbi tó ti wọlé. Iye tó bá kà ni fólítì tó sọnù sójú ọ̀nà. Kò yẹ kó ju 0.5V lọ. Ẹ ṣe bákan náà láti nẹ́gétíìfù bátìrì sí wáyà dúdú láǹpù: tó bá ju 0.2V lọ, ẹ́ẹ̀tì yín kò dára. Ẹ wá máa sún láti ojú ìsopọ̀ kan sí ìkejì títí ẹ ó fi rí ibi tí nọ́ńbà ti fò. Níbẹ̀ gan-an ni.

Ẹ wọn orí bátìrì náà. Láàárín 13.8V sí 14.5V ló sábà máa ń wà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Tó bá kọjá 15V, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń pa láǹpù yín. Bí láǹpù bá tàn dáadáa fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó máa rẹ̀wẹ̀sì, ooru ni: ẹ nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i.

Tí fíùsì bá ń jó

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ẹ má fi fíùsì tó tóbi jù rọ́pò rẹ̀. Ẹ yọ láǹpù kúrò lẹ́nu wáyà, kí ẹ so gílóòbù 21W ti iná bíréèkì sí ibi tí fíùsì wà, kí ẹ sì tẹ súwíìṣì. Tí gílóòbù bá tàn rokoso, wáyà kan ń kan irin. Ẹ máa fọwọ́ mi wáyà náà díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí gílóòbù bá ti kú nígbà tí ẹ mì ín ni ó ti họ. Tí gílóòbù kò bá tàn àfi ìgbà tí ẹ dá láǹpù padà, tó wá tàn rokoso, inú láǹpù ni.

Omi àti ariwo rédíò

Ìkùukùu nínú gíláàsì túmọ̀ sí pé omi ti ráyè wọlé. Láǹpù gbígbóná tó wọnú odò tútù lójijì máa ń fa omi sínú, torí náà ẹ pa á, kí ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó wọ odò. Ẹ tú u, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ fi sílíkóònù tí kì í rùn bí ọtí kíkan di etí rẹ̀. Èyí tó ń rùn bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ irin àti ojú LED, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń tàn nínú láǹpù. Ẹ má dí ihò kékeré tó fi ń mí lẹ́yìn.

Tí rédíò bá ń hó nígbà tí láǹpù bá tàn, ẹ̀rọ tó ń darí iná nínú láǹpù ló ń pariwo. Ẹ gbé wáyà rẹ̀ jìnnà sí ti eriali, ẹ lọ́ pupa àti dúdú mọ́ ara wọn, kí ẹ sì fi òrùka férítì, ìyẹn òrùka tó ń dín irú ariwo yìí kù, dè é lára nítòsí láǹpù. Ilé iṣẹ́ rédíò FM tí kò fi bẹ́ẹ̀ wọlé dáadáa ni kí ẹ fi dán an wò, torí èyí tó lágbára á bo ariwo náà mọ́lẹ̀.