Bí a ṣe ń múra ilé de ìjì líle ní Àbújá àti Òkè Ọya

Ní Òkè Ọya, ìjì máa ń ṣíwájú òjò. Ẹni tó bá ń dúró de ẹ̀kán òjò kó tó palẹ̀ mọ́ ti pẹ́. Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, ni ìjì yìí ń le jù. Láti ìlà-oòrùn ló sábà máa ń wá. Nítorí náà, bí NiMet, àjọ tó ń kéde ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, bá kéde àrá àti ìjì fún Nasarawa àti Plateau tó wà ní ìlà-oòrùn Àbújá, ẹ̀yin tó wà ní Nyanya tàbí Kubwa, ẹ ka ara yín kún wọn.

Òrùlé ni iṣẹ́ wà, òun náà ni àwọn èèyàn sì ń bàjẹ́ jù. Òkúta, táyà àlòkù àti búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń kó lé páànù, wọ́n ní yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Abẹ́ etí òrùlé ni ìjì ń gbà wọlé, á gbé páànù sókè bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìkòkò. Òkúta yẹn á wá já lu ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lónìí.

Ẹ gun àkàbà ní òwúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, kí ẹ yẹ etí òrùlé wò yíká. Ìṣó tó bá ti yọ, ẹ má gbá a padà sínú ihò rẹ̀. Ihò ti fẹ̀, kò ní mú mọ́. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù dí i, kí ẹ kan tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí páànù ti gòkè, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà. Ìṣó onífìlà tó ní rọ́bà lábẹ́ ni kí ẹ rà. Sùkúrù dára jù bẹ́ẹ̀ lọ bí owó bá wà. Ní etí àti igun òrùlé, ẹ má ṣe fò ju òkè páànù kan lọ láàárín ìṣó méjì, torí ibẹ̀ ni ìjì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i.

Ìṣó nìkan kò tó. Bí igi òrùlé kò bá so mọ́ ògiri, igi àti páànù ni yóò jọ lọ. Ẹ lu ihò la ògiri já ní kóòsì (ìlà búlọ́ọ̀kù) kẹta láti òkè. Kóòsì òkè pátápátá kò wúwo tó láti dá ìjì dúró. Ẹ ká báíńdìn wáyà ní ìlọ́po mẹ́rin, ẹ gbà á gba ihò náà, ẹ yí i mọ́ igi, kí ẹ fi púláyà lọ́ ọ títí yóò fi le gbọn-in. Ẹ dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá lọ́ ọ jù, á já. Gbogbo igi òrùlé ni kí ẹ so, ẹ má yọ ọ̀kan sílẹ̀. Okùn ọ̀rá kò ṣe é fi rọ́pò, oòrùn á jẹ ẹ́.

Ẹ gé ẹ̀ka dóńgóyárò tàbí mángòrò tó nà sórí ilé. Ẹ pọn omi kún táńkì orí irin: ẹgbẹ̀rún lítà omi wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, òfìfo á fò lọ.

Lọ́jọ́ ìjì, bí afẹ́fẹ́ tútù bá fẹ́ lójijì tí eruku sì dìde bí ògiri, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù. Ẹ wọlé, ẹ ti gbogbo fèrèsé. Àwọn kan ń ṣí i kí ìjì lè gba inú ilé kọjá. Inú yẹn gan-an ni yóò ti ti òrùlé sókè. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá títí àrá yóò fi sán. Mẹ́ta dúró fún kìlómítà kan. Bí kò bá pé 30, ẹ má jáde títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn.

Bí yìnyín bá ń bọ́, ẹ jìnnà sí fèrèsé. Ẹni tó wà nínú mọ́tò, kó páàkì síbi tó jìnnà sí igi àti pátákó ìpolówó, kó kọjú gíláàsì iwájú sí ibi tí yìnyín ti ń bọ̀. Ó ní ọ̀rá láàárín, kì í tètè fọ́ bíi ti ẹ̀gbẹ́.

Páànù tó bá já lé wáyà iná, ẹ má fọwọ́ kàn án, kódà bí iná kò bá sí ládùúgbò. Wọ́n lè mú un dé nígbàkígbà, jẹnẹrétọ̀ ẹlòmíì sì lè máa rán iná padà sínú wáyà náà.