Root canal tí mo sanwó ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí o. Eyín kan, owó méjì! Eyín ńlá ẹ̀yìn lókè ni, kòkòrò ti jẹ ẹ́ dé inú, tó bá di òru á máa sọ mí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kílíníkì àkọ́kọ́ ṣe root canal, ìyẹn ni pé kí wọ́n fọ inú eyín dé gbòǹgbò, kí wọ́n sì dí i, wọ́n ní ó ti parí, mo sanwó. Kò pẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú. Wọ́n kọ antibáyọ́tíìkì fún mi, ó rọlẹ̀, oògùn tán, ó tún wú, wọ́n tún kọ òmíì. Ni mo bá fìbínú gba ilé ìwòsàn ìjọba lọ n'Ìbàdàn.

Dọ́kítà ibẹ̀ ló là mí lóye. Ó ní ẹran inú eyín yẹn ti kú, ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́, inú ẹ̀jẹ̀ sì ni oògùn tí mò ń gbé mì ń gbà, báwo ló ṣe fẹ́ débẹ̀? Gbòǹgbò 3 ni irú eyín yẹn sábà máa ń ní, àmọ́ ihò inú ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 4, ìkẹrin yẹn tín-ín-rín, inú gbòǹgbò iwájú lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń fara pamọ́ sí. 3 péré ni wọ́n fọ̀ fún mi!

Wíwá ihò yẹn wá dogun. Wọ́n ti fi rọ́bà bo ẹnu mi kí itọ́ má baà wọ inú eyín, wọ́n ti hú gbogbo ohun tí àwọn àkọ́kọ́ dí síbẹ̀, dọ́kítà gbé awò ńlá sójú, ó ń fi irin tín-ín-rín wá a díẹ̀díẹ̀, ẹnu mi là sílẹ̀ títí àgbọ̀n fi ń ro mí, àfi gbì, iná lọ! A wá ń retí jẹnẹrétọ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀, inú ń bí mi sí kílíníkì yẹn. Ìgbà tó yá ló ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ sà, mo ti rí i." Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Fífọ̀ àti dídí ẹ̀ ò le rárá.

Eyín mi nìyí, mo fi ń jẹ ẹran, àwọn tó ní kí n yọ ọ́ dànù ti dákẹ́. Àmọ́ kíráùn, ìyẹn ìdérí tí wọ́n fi ń bo eyín! Kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé eyín ẹ̀yìn máa ń nílò ẹ̀ lẹ́yìn root canal kó má baà là sí méjì, owó ẹ̀ sì dá dúró. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá kíráùn wà nínú ẹ̀. Ẹ bi wọ́n, ihò mélòó lẹ rí? Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀ksíréè tí wọ́n yà lẹ́yìn dídí hàn yín. Tó bá ń wú tó ń rọ, tó jẹ́ oògùn nìkan ni wọ́n ń kọ, ẹ tètè gba ibòmíì lọ.