Àpótí rédíò tí omi ò ní wọ̀, fún ọkọ̀ ojú omi oníríìmóòtù

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Ẹni tó sọ ọ́ kò ní rìsífà, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba àṣẹ látọ̀dọ̀ ríìmóòtù, nínú ọkọ̀ ni. Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni mò ń ṣe ní Ìkòròdú, ọ̀sà ò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi oníríìmóòtù ṣeré fi máa ń gbé rìsífà tó ti mumi yó wá bá mi. Bí mo bá béèrè ibi tómi gbà wọlé, ìdérí àpótí ni wọ́n máa nawọ́ sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdérí ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀. Ihò tí wọ́n fọwọ́ ara wọn lu ni.

Ẹ má wulẹ̀ kan pákó. Ike oúnjẹ tó ní ìdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí rọ́bà sì yí inú ìdérí rẹ̀ po, ló dáa jù. Ẹ yan èyí tó kéré jù tó ṣì lè gba rìsífà, servo (mọ́tò kékeré tó ń yí ìtọ́kọ̀) àti bátìrì kékeré tó ń bọ́ wọn. Ẹ fa rọ́bà ìdérí náà yọ kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ti gé níbì kan tàbí tó ti le gbagidi, ẹ wá òmíràn. Nílé tèmi, ẹ̀yìn àpò gààrí nìyàwó mi ń kó ike rẹ̀ pamọ́ sí báyìí.

Kẹ́ ẹ tó mú dírììlì, ẹ kọ́kọ́ ka àwọn ihò tí ẹ ò nílò. Eriali ò fẹ́ ihò, tó bá jẹ́ rìsífà 2.4 GHz lẹ ń lò. Apá tó ń gba ìgbì lórí wáyà rẹ̀ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, ìgbì rédíò sì ń la ike kọjá wẹ́rẹ́. Ẹ nà án ró nínú ike, kó ga ju ojú omi lọ, torí omi ló máa ń gbé ìgbì yẹn mì. Àwọn rédíò 27 MHz àtijọ́ ló ní wáyà eriali gígùn tó gbọ́dọ̀ yọ síta.

Servo náà ò fẹ́ ihò nísàlẹ̀ ike. Ẹ gé pákó pẹlẹbẹ kan tó há gádígádí sáàárín ògiri ike méjèèjì, kẹ́ ẹ de servo mọ́ pákó náà níta, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tì í wọlé. ESC, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín iná fún mọ́tò, ẹ fi í sílẹ̀ síta àpótí. Ó máa ń gbóná, kò sì síbi tí ooru rẹ̀ máa gbà jáde nínú ike tẹ́ ẹ ti dé pa.

Ó wá ku ihò méjì: ti ọ̀pá tí servo fi ń yí ìtọ́kọ̀, àti ti wáyà tó lọ bá ESC níta. Ẹ má gbójú lé gọ́ọ̀mù sílíkónì níbí o. Irú ike tí wọ́n fi ń ṣe abọ́ oúnjẹ kì í sábà jẹ́ kí gọ́ọ̀mù di òun mú. Bó bá ti gbẹ tán, bí èèpo ẹyin tí a sè lẹ ṣe máa bó o kúrò. Yàtọ̀ síyẹn, sílíkónì tó ń rùn bíi fínígà máa ń sọ bàbà wáyà di àwọ̀ ewé.

Ohun tí mò ń lò fún ihò ọ̀pá wà lọ́dọ̀ fọkanáísà. Ẹ tọrọ tíúbù kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́ àti sípóòkù kan tí kò tíì dógùn-ún; sípóòkù yẹn ló máa di ọ̀pá ìtọ́kọ̀ yín. Ẹ gé ẹnu fáàfù jáde lára tíúbù, kí rọ́bà tó yí ìdí rẹ̀ ká fẹ̀ tó ìdérí ìgò mínírà. Ẹ tú gbogbo inú fáàfù náà dà nù, kẹ́ ẹ wá ti sípóòkù gbà á kọjá. Ó gbọ́dọ̀ máa lọ kó máa bọ̀ láì há. Bó bá há, ẹ wá fáàfù mìíràn. Ẹ lu ihò sára ike lápá ẹ̀yìn, sókè níbi tó sún mọ́ ìdérí, kó jẹ́ pé ẹnu fáàfù á kàn gbà á gbọn-in. Láti inú lẹ ó ti tì í síta, kí rọ́bà ìdí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri ike nínú. Ẹ fi wọ́ṣà àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ fún un pa níta. Orí sípóòkù tó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ máa fi kọ́ apá servo. Ẹ lè ní láti fẹ ihò apá náà díẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ṣì ń gba inú fáàfù yẹn kọjá, omi náà á sì gbà á. Bàlúùnù táwọn ọmọdé ń fẹ́ lọ́jọ́ ìbí ló máa parí iṣẹ́. Ẹ gé ọrùn rẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4, ẹ fi apá kan bo ẹnu fáàfù níta, ẹ fi òwú dì í, kẹ́ ẹ di apá kejì mọ́ sípóòkù. Ẹ jẹ́ kó dẹ̀ láàárín. Bí servo bá yí dópin lọ́tùn-ún àti lósì tí bàlúùnù ò nà tantan, ó ti tó. Gírísì sílíkónì nìkan ni kẹ́ ẹ fi pa á. Fasilín máa ń jẹ irú rọ́bà yẹn. Oòrùn náà ń jẹ ẹ́, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ kó tó sán.

Ti wáyà rọrùn. Ẹ gé ìdí sílípáàsì fóòmù sí róbótó, kó fi díẹ̀ tóbi ju ihò lọ, ẹ là á dé àárín, ẹ há wáyà sínú rẹ̀, ẹ fi gírísì pa á, kẹ́ ẹ fipá tì í bọhò. Ẹ rí i pé wáyà tó wà níta ò gé, ò sì bó. Omi lè fà gba àárín àwọn irin tín-ín-tìn-ìn-tín inú wáyà títí dé inú rìsífà, tí ìdérí yín á sì gbẹ táútáú.

Kí rìsífà tó wọlé, ẹ dán ike náà wò lófìfo: ẹ tẹ́ tíṣù sínú rẹ̀, ẹ kó òkúta lé e, ẹ dé e, ẹ rì í sínú báàfù fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ máa ti sípóòkù síwá sẹ́yìn lábẹ́ omi, kẹ́ ẹ tún tẹ ẹ̀gbẹ́ ike. Ibi tí ìhó kéékèèké bá ti ń yọ niṣẹ́ ti kù. Tíṣù máa jẹ́rìí ìyókù.

Lójú omi, abẹ́ ìbòòji ni kẹ́ ẹ ti dé ike náà pa. Bẹ́ ẹ bá dé e nígbà tí oòrùn ti mú kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbóná, tí ọkọ̀ wá bọ́ sómi tútù, afẹ́fẹ́ yẹn á sún kì, á sì máa fa omi wọlé níbikíbi tó bá ríhò. Bẹ́ ẹ bá ṣe eré tán, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ìta rẹ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iyọ̀ máa ń pọ̀ nínú omi ọ̀sà Èkó. Ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀ mọ́jú, bẹ́ ẹ bá sì tún fẹ́ dé e pa, ẹ ju àpò pélébé tó ń wá nínú páálí bàtà tuntun, èyí tó ń fa ọ̀rinrin, sínú rẹ̀.