Ẹ wo eré tuntun kí ẹ tó yan ọ̀rọ̀ ìdánwò

Ẹ̀yin òṣèré ẹgbẹ́ wa, tí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ àdásọ fún ìdánwò tí wọ́n fi ń yan òṣèré, ẹ má wo eré àtijọ́ nìkan. Ẹ ka The 14th Tale ti Inua Ellams, tí wọ́n bí ní Jos: ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ ìtàn ìpáǹle ọmọdé láti Nàìjíríà dé Dublin àti Lọ́ńdọ̀nù. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì máa jọ sọ ńkọ́? Gone Too Far! ti Bola Agbaje ni, ọdún 2007. Ìyá rán tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lọ ra mílíìkì. Ọ̀kan dàgbà sí Nàìjíríà, èkejì sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ dùn lẹ́nu gan-an!

Ẹ ka eré náà tán kí ẹ tó gé ìṣẹ́jú méjì jáde. Ẹ kà á sókè; ibi tí èémí bá ti ń tán yín, ẹ sinmi díẹ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá máa gbé e sórí ìtàgé, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni eré náà.