Ọta Márùn-ún Nínú Ihò Kan: Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Ìdíje Ìbọn Orí Tábìlì

Nínú ìdíje ìbọn tí wọ́n ń pè ní benchrest, oníbọn kì í dúró, kì í kúnlẹ̀, kì í sì í dọ̀bálẹ̀. Ó jókòó sídìí tábìlì tó wúwo, ó gbé iwájú ìbọn rẹ̀ lé àpò iyanrìn tí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé dúró, ó fi àpò iyanrìn mìíràn ti ìdí rẹ̀, ó sì yin ọta márùn-ún sí bébà tó wà ní 100 yáàdì tàbí 200 yáàdì. Kì í ṣe bí ọta ṣe bá àárín bébà ni wọ́n ń wò. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni bí ihò márùn-ún náà ṣe súnmọ́ ara wọn tó: wọ́n á mú ihò méjì tó jìnnà sí ara wọn jù, wọ́n á wọn àárín èkíní dé àárín èkejì, iye ínǹṣì tó bá jẹ́ ni gúrúùpù oníbọn yẹn. Ẹni tí tirẹ̀ kéré jù ló gbégbá orókè.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí máa ń béèrè pé, bí àpò iyanrìn bá ti di ìbọn mú, kí ló tún kù fún oníbọn láti ṣe? Ìdáhùn ìbéèrè yìí gan-an ló mú kí n fẹ́ràn ìdíje náà tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ tó ń gbọ̀n, èjìká tó ti rẹ̀ àti ẹsẹ̀ tí kò dúró ire kò bá sí lára ọ̀rọ̀ mọ́, ohun tó kù ni ìbọn, ọta tí oníbọn fọwọ́ ara rẹ̀ tò, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láàárín tábìlì àti bébà, àti ìpinnu ẹni tó jókòó sídìí ìbọn nípa ìgbà tó yẹ kí ó yìn ín àti ìgbà tó yẹ kí ó mú sùúrù. Kò sí ohun tí a lè di ẹ̀bi rù mọ́.

Ní ọdún 1973, Mac McMillan ní Amẹ́ríkà yin ọta márùn-ún ní 100 yáàdì, gúrúùpù rẹ̀ sì jẹ́ 0.009 ínǹṣì. Ogójì ọdún gbáko ni kò fi sí ẹni tó borí rẹ̀, títí di ọdún 2013 tí Mike Stinnett yin tirẹ̀ tó jẹ́ 0.0077 ínǹṣì. Kí òǹkàwé lè mọ ohun tí èyí jẹ́, ọta tí wọ́n ń lò jù nínú ìdíje yìí fẹ̀ ní 0.243 ínǹṣì, nítorí náà ẹni tó bá wo irú bébà bẹ́ẹ̀ lè búra pé ọta kan ṣoṣo ló gba ibẹ̀ kọjá. Ìdí nìyí tí àwọn alákòóso fi máa ń fi bébà mìíràn sẹ́yìn èyí tí à ń yìn, tí ẹ̀rọ yóò máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀ bí àkókò ti ń lọ, kí ọta kọ̀ọ̀kan lè lu ihò tirẹ̀ síbẹ̀, kí adájọ́ sì lè kà á pé márùn-ún pé.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí mo máa ń fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni pé kí ó má tíì ra ohunkóhun. Ẹ wá pápá ìdíje tó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ tó ní ìlànà, ẹ lọ wòran fún odidi ọjọ́ kan, kí ẹ sì jókòó sí ibi tí àwọn oníbọn ti ń to ọta wọn. Ẹ má bẹ̀rù láti béèrè, nítorí inú oníbọn orí tábìlì máa ń dùn láti ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ kọ́ òfin ààbò kí ẹ tó kọ́ ohun mìíràn: bóòtù, irin tó ń ti ìdí ọ̀pá ìbọn pa, kì í wọ inú ìbọn àfi bí alákòóso bá pàṣẹ, ó sì gbọ́dọ̀ wà níta ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá wà níwájú ìbọn, ẹnu ìbọn kì í kọjú síbòmíràn yàtọ̀ sí ibi bébà, ìdílétí àti awò ìdáàbòbò ojú kì í kúrò lára. Ẹni tó bá tàpá sí èyí, wọ́n á lé e kúrò lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kí ó rí.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìbọn tó kàn. NBRSA, ẹgbẹ́ àwọn oníbọn orí tábìlì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1951, àti IBS, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tó tẹ̀ lé e ní ọdún 1970, pín ìbọn sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ìwúwo rẹ̀. Light Varmint kò gbọdọ̀ ju páùn 10.5 lọ, Heavy Varmint kò gbọdọ̀ ju páùn 13.5 lọ, ìsọ̀rí aláìnídìíwọ̀n sì wà, níbi tí ìbọn ti lè jẹ́ odidi ẹ̀rọ tó ń rìn síwá sẹ́yìn lórí ojú irin tirẹ̀. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn páùn 10.5, nítorí ó lè bá ti páùn 13.5 jókòó nínú ìdíje kan náà láìjẹ̀bi òfin. Irú ọta tí ẹ ó bá nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni 6 PPC, tí Louis Palmisano àti Ferris Pindell ṣe láàárín ọdún 1970 sí 1980 láti ara ìkarahun (ike idẹ tó ń gbé ẹ̀tù àti ọta) tí wọ́n ń pè ní .220 Russian. Ìkarahun náà kúrú, ó sì sanra, ẹ̀tù inú rẹ̀ sì máa ń jó déédéé láti orí ọta kan dé òmíràn. Ẹ ra ìbọn àlòkù lọ́wọ́ ẹni tó ń fi í díje, kí ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pá ìbọn jẹ́ ohun tó ń gbó: lẹ́yìn bí ọta ẹgbẹ̀rún kan, ó lè má fi bẹ́ẹ̀ ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún ìdíje mọ́, wọn yóò sì pààrọ̀ rẹ̀. Awò orí ìbọn yẹ kí ó lè mú nǹkan tóbi tó ìlọ́po 36, ó kéré tán. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé èyí lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn kékeré .22 ní 50 mítà, níbi tí a kì í ti í fọwọ́ to ọta, tó jẹ́ pé ọgbọ́n rẹ̀ ni kí ẹ dán ọta onírúurú wò títí ẹ ó fi rí èyí tí ìbọn yín fẹ́ràn.

Orí tábìlì ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta irin iwájú mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ó má mì bí ẹ bá fọwọ́ tì í. Àpò ẹ̀yìn ní etí méjì bíi ti ehoro, ìdí ìbọn sì ń jókòó sáàárín wọn. Ẹ fọwọ́ gbá a mọ́lẹ̀ kí iyanrìn inú rẹ̀ le. Lẹ́yìn náà, ẹ wo inú awò, kí ẹ fi ọwọ́ kan fa ìbọn sẹ́yìn, kí ẹ sì tì í padà síwájú, pẹ̀lú bóòtù níta. Àgbélébùú inú awò gbọ́dọ̀ rìn ní òró tààrà, kó sì padà sí ojú kan náà. Bí ó bá ń yà sápá ọ̀tún tàbí apá òsì, àpò ẹ̀yìn kò sí ní ìlà kan náà pẹ̀lú ti iwájú nìyẹn, ẹ sún un títí yóò fi tọ́. Ẹ tún mi orí díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì láì fọwọ́ kan ìbọn: bí àgbélébùú bá ń sún lójú bébà, awò náà kò tíì ṣe déédéé fún ìjìnnà yẹn. Mo ti rí oníbọn tó lo gbogbo òwúrọ̀ láti máa pààrọ̀ ìwọ̀n ẹ̀tù, nígbà tó jẹ́ pé àpò ẹ̀yìn tó wọ́ ló ń da iṣẹ́ rẹ̀ rú.

Ní ti bí a ṣe ń di ìbọn mú, àwọn kan kì í fọwọ́ kan án rárá àyàfi irin tí ìka ń fà, wọ́n á jẹ́ kí ìbọn fò sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn á fi èjìká tì í díẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ti gba ife-ẹ̀yẹ. Ohun tí kò dára ni kí ọta kejì bá ọwọ́ tó yàtọ̀ sí ti ọta àkọ́kọ́. Irin tí a ń fà náà fúyẹ́ gan-an, ìwọ̀n áúǹsì méjì péré ló máa ń gbà lára ọ̀pọ̀ ìbọn wọ̀nyí, nítorí náà ìka kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ kí ọkàn tó pinnu.

Ọta títò jẹ́ iṣẹ́ tí a ń ṣe ní pápá, láàárín ìyìnbọn kan sí èkejì. Ìkarahun idẹ bí ogún lè tó fún gbogbo ọjọ́, nítorí a ó yìn ín, a ó tún un ṣe, a ó sì tún kì í. Ọ̀pọ̀ oníbọn ń fi òṣùwọ̀n tí a ń fọwọ́ yí bu ẹ̀tù dípò kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n sì ń dín in kù tàbí kí wọ́n fi kún un díẹ̀ bí ooru ọjọ́ ti ń yí padà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò gbọdọ̀ kọjá ohun tí ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù náà kọ sílẹ̀; ìsàlẹ̀ ìwọ̀n wọn ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí ju irú ẹ̀tù kan lọ lórí tábìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kejì tí à ń yí ni bí ọta ṣe wọlé tó sẹ́nu ìkarahun. Ẹ má yí méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kò ní mọ èyí tó mú kí gúrúùpù kéré.

Afẹ́fẹ́ wá ni olórí ọ̀rọ̀. Ọta 6 PPC ń dé 100 yáàdì láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ tí ẹ kò lè mọ̀ lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín lè gbé e jìnnà ju gbogbo fífẹ̀ gúrúùpù rere lọ. Ní 200 yáàdì, ohun tí afẹ́fẹ́ kan náà yóò ṣe sí i ju ìlọ́po mẹ́rin lọ díẹ̀. Nítorí náà, ẹ ra àsíá afẹ́fẹ́ kí ẹ tó ra awò olówó ńlá. Àsíá yìí jẹ́ ọ̀pá tó ní abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lórí, tó ní ọfà tó ń tọ́ka ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, àti ìrù aláwọ̀ tó ń gbéra bí agbára afẹ́fẹ́ ti tó. Ẹ to mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti iwájú tábìlì dé ìdí bébà, ní ìsàlẹ̀ ìlà tí ọta ń gbà, kí ẹ lè rí gbogbo wọn láì gbé orí kúrò nídìí ìbọn. Èyí tó súnmọ́ tábìlì ni kí ẹ kà sí jù. Bí afẹ́fẹ́ bá ti yí ọta kúrò lọ́nà ní kùtùkùtù ìrìn rẹ̀, yíyà yẹn yóò máa fẹ̀ sí i ni títí yóò fi dé bébà, ṣùgbọ́n èyí tó bá a ní ìparí ìrìn kò ní ààyè láti ṣe púpọ̀.

Ohun mìíràn wà tó máa ń ya ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu. Ìlà lílọ́ inú ọ̀pá ìbọn ń mú kí ọta máa yí bí òkòtó, nítorí náà afẹ́fẹ́ kì í tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan. Bí ìlà náà bá lọ́ sápá ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lára ọ̀pọ̀ jù lọ ìbọn, afẹ́fẹ́ tó ti ọ̀tún wá yóò gbé ọta sósì, yóò sì gbé e sókè díẹ̀. Èyí tó ti òsì wá yóò gbé e sọ́tùn-ún, yóò sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀. Bí a bá wo bébà bí ojú agogo, orí ìlà tó lọ láti 10 dé 4 ni ihò yóò máa rìn. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní máa dá ẹ̀tù lẹ́bi fún ohun tí afẹ́fẹ́ ṣe.

Lórí bébà kan náà, àmì méjì ló wà: ti ìdíje àti ti ìdánwò, níbi tí a ti lè yin iye ọta tó bá wù wá. Ìṣẹ́jú méje ni gbogbo rẹ̀ sábà máa ń gbà. Nígbà tí alákòóso bá ti ní kí a bẹ̀rẹ̀, ẹ má sáré lọ sórí àmì ìdíje. Ẹ yin ọta ìdánwò kan nígbà tí abẹ̀bẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀, òmíràn nígbà tí ìrù àsíá bá gbéra dé ìdajì, kí ẹ sì fi ojú wọn bí ihò méjèèjì ṣe jìnnà síra tó. Ẹ ti mọ iye owó tí afẹ́fẹ́ ọjọ́ yẹn ń gbà nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ yan irú afẹ́fẹ́ kan tó ń padà wá lóòrèkóòrè, kì í ṣe èyí tó pa rọ́rọ́, nítorí ìdákẹ́rọ́rọ́ kì í pẹ́, ó sì lè yí láti ibikíbi. Inú èyí tí ẹ yàn ni kí ẹ ti yin ọta ìdíje.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ọ̀gá ń gbà ṣe é. Ẹnìkan á dúró de afẹ́fẹ́ rẹ̀ fún ọta kọ̀ọ̀kan, ọta márùn-ún rẹ̀ sì lè gba ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹlòmíràn á dúró títí àsíá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi bára mu, á sì yin márààrún tẹ̀ lé ara wọn láàárín ìdajì ìṣẹ́jú, kí afẹ́fẹ́ tó yí. Ní tèmi, ọ̀nà àkọ́kọ́ ló yẹ akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ó ń kọ́ ojú. Nígbà kan, ọta mẹ́rin mi ti wọ inú ihò kan tí kò fẹ̀ ju èékánná ọmọdé lọ, ó ku ìṣẹ́jú méjì ó lé, mo sì rí i tí ìrù àsíá àkọ́kọ́ rọ̀ wálẹ̀ nígbà tí ìka mi ti wà lórí irin. Mo fà á. Ọta karùn-ún jókòó sí ọ̀tọ̀, gúrúùpù náà sì di ìlọ́po mẹ́ta. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n gbé ìka kúrò, kí n padà sórí àmì ìdánwò, kí n yin ọta kan síbẹ̀, kí n sì rí ohun tí afẹ́fẹ́ tuntun náà ń ṣe.

Àárín gúrúùpù márùn-ún ni èsì ìjìnnà kan. Ti 200 yáàdì ni wọ́n ń pín sí méjì kí wọ́n tó fi kún ti 100 yáàdì. Ọta kan tó ṣìnà lè tipa bẹ́ẹ̀ ba iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ jẹ́. Láàárín ìyìnbọn kan sí èkejì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì idẹ àti omi ìfọbọn nu inú ọ̀pá ìbọn láti ẹ̀yìn lọ síwájú, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí ẹ sì yin ọta kan tàbí méjì sí àmì ìdánwò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá dá bébà yín padà, ẹ má jù ú nù. Ẹ kọ ìwọ̀n ẹ̀tù, bí ọta ṣe wọlé tó, ooru ọjọ́ yẹn àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá sí ẹ̀gbẹ́ ihò náà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ìdíje tó kàn, kí ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń to ọta àkọ́kọ́.