Bí a ṣe ń ṣírò ibi tí heart failure ń gbé aláìsàn lọ

Ìbéèrè tí ẹbí máa ń bi nọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ò ju ẹyọ kan lọ: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé màmá wa á rí ọdún tó ń bọ̀?" Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbọ́ ni pé kí wọ́n máa gbàdúrà. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n ó yẹ ká ní ìdáhùn tiwa náà. Ẹni tó bá ní ìwé, bírò àti èsì àyẹ̀wò mélòó kan lè rí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nínú gbogbo ìṣirò tó wà fún heart failure, ìyẹn àìsàn tí ọkàn kì í lágbára tó láti tú ẹ̀jẹ̀ ká ara mọ́, MAGGIC ló rọrùn jù fún ọsibítù tí kò ní ẹ̀rọ púpọ̀. Ó jáde ní 2013, láti ara àkọsílẹ̀ aláìsàn 39,372 nínú ìwádìí 30. Nǹkan 13 ló ń béèrè, máàkì rẹ̀ sì wà láàárín 0 àti 50. Bí máàkì ṣe ń pọ̀ ni ewu ń pọ̀. Ó máa sọ iye èèyàn tó lè kú láàárín ọdún 1 àti ọdún 3 nínú àwọn tí ara wọn rí bákan náà.

Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n gbé aláìsàn dé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, omi ló kún ara rẹ̀, omi náà á sì sọ ìwọ̀n kílò di irọ́. Nínú MAGGIC, ẹni tó rù ló ń gba máàkì ewu jù. Ẹ wo ọkùnrin tó ga ní 1.70 m, tó jẹ́ kílò 56 nígbà tí ara rẹ̀ gbẹ: BMI rẹ̀, ìyẹn bí kílò rẹ̀ ṣe bá gíga rẹ̀ mu, á jẹ́ 19.4, máàkì 5. Bí omi kílò 10 bá wà lára rẹ̀, BMI á di 22.8, máàkì á já sí 3. Omi tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ló wá jọ ìlera lórí ìwé. Ẹ dúró kí wíwú náà lọ, kó kúrò lórí abẹ́rẹ́ Lasix, oògùn tó ń fa omi jáde lára, bọ́ sórí oníhóró, kí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ náà sì dúró sójú kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé echo, ìyẹn èsì àwòrán ọkàn. EF ni ẹ ń wá, ìyẹn ìdá ẹ̀jẹ̀ nínú 100 tí ọkàn ń tì jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù. Tó bá kéré sí 20, máàkì 7. 20 sí 24, máàkì 6. 25 sí 29, máàkì 5. 30 sí 34, máàkì 3. 35 sí 39, máàkì 2. Láti 40 sókè, òdo. Ẹ ṣọ́ra fún FS, ìyẹn ìwọ̀n bí ọkàn ṣe ń fún pọ̀, tó máa ń wà nítòsí EF lórí ìwé kan náà. FS 30 dára, EF 30 kò dára rárá. Ẹni tó bá fi ọ̀kan pe èkejì á dẹ́rù ba ẹbí lásán.

Creatinine, èyí tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn nínú ẹ̀jẹ̀, náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Láàbù kan á kọ ọ́ ní mg/dL, òmíràn á kọ ọ́ ní µmol/L, bẹ́ẹ̀ µmol/L ni tábìlì MAGGIC ń lò. Ẹ fi 88.4 sọ iye mg/dL di púpọ̀. Creatinine 1.4 mg/dL jẹ́ bíi 124, máàkì 2. Tí ẹ bá kàn tẹ 1.4 bẹ́ẹ̀ sínú fóònù, á fún un ní òdo, kíndìnrín tó ti ń ṣàárẹ̀ á wá dà bí tọ̀dọ́.

Èémí ni ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù, torí ẹnu aláìsàn la ti ń gbọ́ ọ. Ìpele mẹ́rin ló ní: ìpele 1 kò ní máàkì, ìpele 2 ní 2, ìpele 3 ní 6, ìpele 4 ní 8. Ẹ rí i pé láàárín ìpele 2 àti 3, máàkì 4 ló fò. Tí ẹ bá bi ìyá oníṣòwò pé, "Ṣé ẹ ń mí dáadáa, mà?", "A dúpẹ́" ló máa sọ. Ẹ bi í báyìí: "Tẹ́ ẹ bá gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ Òṣòdì, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń dúró mí?" Kẹ́ ẹ wá fi kún un pé, "Ìgbà wo lẹ gùn ún kẹ́yìn?" Ẹni tó ti pa gígùn rẹ̀ tì láti oṣù mẹ́fà á ní òun kì í dúró, òótọ́ ló sì sọ. Ẹni tó jẹ́ pé afárá tàbí ẹrù ọjà nìkan ló ń mú un mí lókèlókè wà ní ìpele 2. Ẹni tí ìwẹ̀ àti aṣọ wíwọ̀ ń tán lókun wà ní 3. Ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí ìjókòó wà ní 4.

Ọjọ́ orí àti nọ́ńbà òkè nínú ẹ̀jẹ̀ ríru ń yí pẹ̀lú EF, nítorí náà ẹ lo tábìlì tàbí ìṣirò MAGGIC tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí aláìsàn kọ́kọ́ jókòó ìṣẹ́jú 5 kẹ́ ẹ tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lára sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ orí Third Mainland kò tíì ṣeé wọ̀n. Èyí tó kù yá: ọkùnrin 1, ẹni tó ń mu sìgá 1, àtọ̀gbẹ 3, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ 2, àìsàn ọkàn tó ti lé ní oṣù 18 ní 2. Ẹni tí kò lo oògùn bíi carvedilol tàbí bisoprolol gba 3, ẹni tí kò lo irú lisinopril tàbí losartan gba 1. Ẹ má gbára lé ohun tó wà lórí káàdì. Ẹ ní kí wọ́n kó oògùn náà wá nínú ọ̀rá dúdú tó ń gbé, kẹ́ ẹ ka hóró tó kù nínú páálí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ: ẹni ọdún 58 tó ń ta aṣọ ní Balógun, kò mu sìgá, kò ní àtọ̀gbẹ, àìsàn náà kò tíì pé ọdún kan. EF 32 fún un ní 3, ọjọ́ orí 2, nọ́ńbà òkè 118 fún un ní 2, BMI 27 fún un ní 2, creatinine 2, èémí ìpele 3 fún un ní 6. Ó ń lo lisinopril, kò lo carvedilol, nítorí náà 3 sí i. Àpapọ̀ jẹ́ 20. Máàkì 20 túmọ̀ sí pé bíi 10 nínú 100 lè kú láàárín ọdún kan, bíi 25 láàárín ọdún 3. Tí dókítà bá wá bẹ̀rẹ̀ carvedilol ní 3.125 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tó ń fi kún un ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì bí ara ṣe gbà á, tí èémí rẹ̀ sì bọ́ sí ìpele 2, máàkì 7 ti lọ. Ó ku 13, ewu ọdún kan á já sí bíi 5 nínú 100. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká tún un ṣe lẹ́yìn oṣù 3. Máàkì àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí a kò tíì ṣe fún aláìsàn gan-an ju bó ṣe ń sọ àyànmọ́ lọ.

Àwọn tí wọ́n fi ṣe MAGGIC dàgbà ju tiwa lọ. Nínú THESUS-HF, ìwádìí aláìsàn 1,006 tí wọ́n gbà sí ọsibítù ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 9, tí Nàìjíríà wà lára wọn, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ bíi 52, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì fa èyí tó pọ̀ jù. Bíi 18 nínú 100 ló kú láàárín ọjọ́ 180. MAGGIC kì í fún ẹni tí kò tíì pé 55 ní máàkì kankan fún ọjọ́ orí, nítorí náà kí máàkì kékeré má fi wá lọ́kàn balẹ̀ jù. Ti ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ yàtọ̀: ọkàn rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò láàárín oṣù mélòó kan, echo mìíràn ní oṣù 6 ló máa sọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Àwọn àmì kan wà tí MAGGIC kò kà: sodium (iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀) tó wà nísàlẹ̀ 135, ẹni tí wọ́n tún dá dúró sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, ẹni tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ débi pé wọ́n ní láti dín oògùn ọkàn kù. Ohun tó wù kí máàkì jẹ́, ẹ tètè fi irú wọn ránṣẹ́ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọkàn ní LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà.

Kẹ́ ẹ tó sọ nọ́ńbà kankan, ẹ bi aláìsàn fúnra rẹ̀ bóyá ó fẹ́ gbọ́, àti ẹni tó fẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ pe ọmọ tó ń sanwó sí kọ̀rọ̀. Ẹ má sì sọ pé "Ọdún mẹ́ta ló kù fún yín". Ìṣirò yìí kò mọ ọjọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó wà láàyè ni kẹ́ ẹ kà: "Mà, nínú 100 èèyàn tí ara wọn rí bíi tiyín lónìí, bíi 90 ló máa ń wà láyé lẹ́yìn ọdún kan. Oògùn kan wà tẹ́ ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ." Lẹ́yìn náà, ẹ kọ máàkì, ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe é, EF àti kílò ara gbígbẹ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú fáìlì, kí ẹni tó máa rí i lóṣù 3 sí i lè mọ ibi tí ẹ dé.