Òwú tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ nígbà ọyẹ́, mo ti rí ọgbọ́n rẹ̀ dá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń hun súwẹ́tà ní Kétu níbí, ẹ gbọ́ o. Ọyẹ́ ti mú kí òwú akirílíìkì (òwú oníke tí wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́) gbẹ débi pé ó ń ta pàrà, ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ìka tó ti sán á tún máa fa fọ́nrán rẹ̀ yọ, inú ń bí mi gan-an. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló fà á, òwú yẹn kì í mu omi sára bíi ti irun àgùntàn. Mo bá fi àkísà tútù díẹ̀ sínú báàgì òwú mọ́jú, mo pa abẹ́rẹ́ oníke tì mo mú onígi, mo sì ń fi òrí para lọ́wọ́ sùn (òrí gidi o, kì í ṣe pomáàdì olóòórùn yẹn). Ó ti ń yọ̀ geere báyìí. Ẹ ṣáà fọwọ́ dáadáa láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó mú òwú funfun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òrí á ta sí fìlà ọmọ.